Àwọn Tó Dárúkọ Àbúrò Mi

Pẹ́nì márùndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n ń ta ìgò ata gígún kan ní Mánṣẹ́sítà lọ́dún tí mo débẹ̀. Ìgò ọ̀hún kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ. Mo gbé e sókè, mo mì í, mo rẹ́rìn-ín. Ní ọjà Kàbà, níbi tí mo ti ń fi múdù wọn ata àti irú kí n tó lọ, bí mo bá bu ìwọ̀nba yẹn fún oníbàárà, á rò pé èènì ni, á na ọwọ́ dúró, á máa retí ọjà gan-an. Mo bi ìyàwó àbúrò mi bóyá oògùn ni. Ó ní ata ni. Mo ní ta wá ni ara rẹ̀ kò yá, ata ni àbí ẹni tó ń rà á?

Àbúrò mi, Bọ́dúndé, ló ránṣẹ́ pè mí. Dókítà ni, dókítà ẹ̀dọ̀fóró. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Mọpà tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọn ò sì rí ẹni tó máa bá wọn gbé e. Ìyé, ìyá wa, ò lè wá. Ikọ́ ti mú un débi pé bó bá ń ti yàrá bọ̀ sí ìloro, ó di dandan kó jókòó sinmi lójú ọ̀nà. Èmi náà ni wọ́n wá rí. Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, mo ní oṣù mẹ́fà ni n ó lò. Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mi ò mọ ohun tí wọ́n ń rín.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló kọ́kọ́ dá mi lágara. Nílé, bí o bá pàdé ẹni tó ń ti oko bọ̀, "okun" la fi ń kí i. Bí o bá bá ẹnìkan lórí ìjókòó, okun ni. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pàápàá, okun la fi ń bá a kẹ́dùn. Ìkíni yẹn ni wọ́n kúkú fi sọ gbogbo wa lórúkọ, tí wọ́n ń pè wá ní ará Okun. Mo wá bọ́ sí títì ní Mánṣẹ́sítà, mo ń kí ọ̀tún, mo ń kí òsì. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ kúrò lápá ọ̀dọ̀ mi, ó gbé e sí apá kejì. Bàbá arúgbó kan wà tó máa ń fa ajá kọjá láràárọ̀. Mi ò yé kí i. Ajá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn, ó ń ju ìrù. Nígbà tó pẹ́, bàbá náà ń ṣí fìlà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣí i, mo délé, mo sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ilé ìdáná wọn ló tẹ̀lé e. Wọ́n yí nǹkan kan báyìí, iná búlúù yọ, kò rú èéfín rárá. Mo jókòó tì í, mo ń retí kí omi dà lójú mi. Kò dà. Láti kékeré, mi ò tíì se ọbẹ̀ rí kí ojú mi má pọ́n. Mo kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín, mo ní ọbẹ̀ tí a kò sunkún sè, báwo ló ṣe fẹ́ dùn? Lẹ́yìn náà ni mo rántí Ìyé nídìí ààrò, mo sì sunkún ní tòótọ́.

Nígbà tí ìyàwó padà sẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ló gbà, ó ń wà pẹ̀lú ọmọ lọ́sàn-án. Mo bá wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Wọ́n fi àwọ̀n bo irun mi bí ẹni tó fẹ́ dẹ pańla, wọ́n ní kí n máa to búrẹ́dì sínú àpótí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní orúkọ mi ti gùn jù, wọ́n ń pè mí ní Mary. Èmi náà ní tiwọn ò yé mi, mo ń pe gbogbo wọn ní Mary. Kò sí ẹni tó bínú. Àwọn ará Jàmáíkà tó wà láàárín wa ló kọ́kọ́ tọ́ ata tí mo gbé láti ilé wò, tí mo lọ̀, tí mo pọ́n sínú bébà. Wọ́n rà á. Mo bu èènì lé e. Ọ̀kan dá èènì padà, ó rò pé mo ṣìrò ni. Mo ní kó gbé e lọ, pé èènì kì í ṣe àṣìṣe, ìwà ni.

Báyìí ni mo ṣe ń gbé e. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ẹnu mi ló ń ṣòfò. Nílé mo lè bá ìlà ìsọ̀ kan jà láàárọ̀, kí n sì bá wọn jẹun lọ́sàn-án. Níbẹ̀, ta ni n ó bá jà? Kí ènìyàn tó lè bá ẹnìkan jà, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé o wà.

Bọ́dúndé, ní tirẹ̀, bó bá ti ọsibítù dé, orí tábìlì oúnjẹ ló ń tẹ́ ìwé sí. Ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó ń kọ. Mo rò pé iṣẹ́ àfikún ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé èló ni wọ́n ń ra ìwé náà. Ó ní wọn kì í rà á lọ́wọ́ òun. Mo ní èló ni wọ́n ń san fún un. Ó ní wọn kì í san nǹkan kan. Mo wo ìyàwó, ìyàwó wo ilẹ̀. Mo ní irú ọjà wo wá ni èyí, tí olówó kò sanwó, tí olọ́jà kò sì kúrò nídìí ọjà?

Ó gbé gègé sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹlòmíràn bá kọ ìwé tirẹ̀, tó dárúkọ mi sínú rẹ̀ pé mo ti sọ báyìí rí, èrè mi nìyẹn."

Èyí yé mi kíá. Òwò ni, owó rẹ̀ ni orúkọ. Ó ní ìwé ńláńlá kan wà ní láíbìrì tí wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ jọ, ẹni tó dárúkọ ta ni, ẹ̀ẹ̀melòó. Àwọn ọ̀gá ọsibítù á sì jókòó kí ọdún Àjíǹde tó dé. Wọ́n á ka ìwé tó ti kọ, wọ́n á ka àwọn tó dárúkọ rẹ̀. Bí kò bá tó, àyè rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Wọ́n á gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe lórí àwọn obìnrin ilé á sì di ohun ìgbàgbé.

Iṣẹ́ yẹn ló jẹ ẹ́ lógún ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ti gbé ẹ̀rọ lọ sí Ìyámoyè wa, ó gbé e dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, ó gbé e dé Pónyàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀rọ tí ènìyàn máa ń fẹ́ èémí sí ni, wàá fẹ́ ẹ títí kò fi ní sí nǹkan kan nínú rẹ mọ́, abẹ́rẹ́ á kọ ọ́ sórí bébà. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, àwọn tó ń se irú, tí wọ́n ń bá igi tútù jìjàkadì láti ìgbà èwe, ló ní kí wọ́n fẹ́ ẹ. Ìyé ló kọ́kọ́ fẹ́. Ó wá kọ ọ́ síwèé pé èéfín ilé ìdáná ló ń jẹ àyà àwọn ìyá wa.

Mo ní, "Ẹni mélòó ló ti dárúkọ rẹ lórí ìyẹn?"

Ó ní mẹ́rin. Inú mi dùn, mo ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun alára ni mẹ́ta nínú rẹ̀, pé nínú àwọn ìwé òun tó kù lòun ti dárúkọ ara òun.

Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Mo ní, "Bọ́dúndé, ìyẹn kì í ṣe ìyìn. Ìyẹn ni ti ẹni tó dá wà lóko, tó ń ki ara rẹ̀ kí ẹyẹ lè gbọ́."

Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Mo bi í pé ẹnìkan tó kù ńkọ́. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni ní Wélíìsì, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ìtìjú ló mú un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ti rí. Ní Ìyámoyè, bí ẹnìkan bá dárúkọ ọmọ rẹ láàárín àwùjọ tí ẹ̀yin méjèèjì kò sí níbẹ̀, tí o bá gbọ́, o kì í jẹ́ kó di ọ̀túnla kí o tó lọ dúpẹ́. Wàá mú nǹkan dání. Ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á ní kò mọ iyì orúkọ, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á dákẹ́ lórí ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ní gbogbo ayé òyìnbó ló dárúkọ ọmọ wa, ìdílé wa kò sì tíì kí i. Oorun kò kùn mí.

Nígbà tí Bọ́dúndé lọ síbi iṣẹ́, mo bá ìyàwó sọ ọ́. Òun náà ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó rí àdírẹ́sì ọkùnrin náà lẹ́yìn ìwé kan lórí tábìlì, ó dà á kọ. A di ata gígún tó kún ife ńlá. A di irú sínú ọ̀rá mẹ́ta. Mo mú ọ̀kan nínú aṣọ tí Ìyé fọwọ́ hun kí ikọ́ tó lé e kúrò nídìí òfì, mo ká a lé e lórí. Mo ń sọ, ìyàwó ń fi òyìnbó kọ ọ́. Mo ní kó sọ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó dárúkọ, pé ẹnu tó fi pe ọmọ wa kò ní gbẹ. Mo ní kó kọ́ ọ bí a ṣe ń kí ènìyàn lọ́dọ̀ wa. Mo ní kó bá mi bẹ̀ ẹ́, kó má fi òórùn dá irú lẹ́jọ́.

Ọjọ́ kẹta tí ẹrù náà ti lọ ni mo sọ fún Bọ́dúndé, lórí oúnjẹ, bí ẹni tó fẹ́ gba ìyìn. Ó dá òkèlè dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọkùnrin yẹn dárúkọ mi kó lè sọ pé mo ṣìnà ni."

Ó wá tú u fún wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti kọ ọ́ pé ta ló mọ̀ bóyá ikọ́ ife ti ṣe àwọn obìnrin wọ̀nyẹn rí, ta ló mọ̀ bóyá wọ́n ń mu tábà, pé dókítà tó kọ ọ́ kò wádìí dé ìdí. Ẹnì kan ṣoṣo tó dárúkọ rẹ̀, òun náà ló já a nírọ́. Èmi wá fi irú ránṣẹ́ sí i. Ó ní wọ́n á sọ pé òun rán ẹ̀gbọ́n òun lọ fi oúnjẹ tu ọ̀jọ̀gbọ́n lójú kí àwọn ọ̀gá tó jókòó. Kò pariwo. Ìbá pariwo, ìbá sàn fún mi. Ó dìde, ó fọwọ́, láti ọjọ́ náà búrẹ́dì ló ń jẹ, búrẹ́dì tí èmi fúnra mi tò sínú àpótí.

Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọmọ tí o pọ̀n kọ oúnjẹ rẹ. Mo ń se ọbẹ̀, mo ń dà á sínú fìríìjì. Mo bi ara mi pé kí ni mo wá ṣe nílùú tí wọ́n ti ń dárúkọ ènìyàn láti fi bú u, tí wọ́n sì ń kà á mọ́ èrè.

Kí á tó lè bá Ìyé sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà náà, a ó ti kọ̀wé sílé ṣáájú pé ní ọjọ́ báyìí, kí wọ́n gbé e wá sí pósítọ́fíìsì Kàbà. Á wọ ọkọ̀ láti Ìyámoyè, á jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọn á fi pè é. Ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí àárín ìjà náà. Ikọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ la òkun kọjá, ohùn rẹ̀ tẹ̀lé e. "Okun o," ó ní.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi irú, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ di ẹ̀rín, mo ń gbọ́ tí akọ̀wé pósítọ́fíìsì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mumi.

Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ bú ọmọ mi, ṣé kò ní kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀ ni? Sọ fún un pé bí kò bá gbà pé èéfín ni, kó wá jókòó tì mí nílé ìdáná."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Bọ́dúndé bó ṣe wí i, pẹ̀lú ikọ́ inú rẹ̀. Ó bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó ṣí fìríìjì, ó gbé ọbẹ̀ àná jáde, ó jẹ ẹ́ ní tútù.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n náà tẹ Bọ́dúndé láago ní ọsibítù. Ó ní òun ń bọ̀ ní Mánṣẹ́sítà, ṣé òun lè yà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bọ́dúndé dé ilé, ojú rẹ̀ ti yí padà bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ wá bẹ̀ wò.

Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá gíga kan ni, irun rẹ̀ ti funfun tán, ó ká aṣọ Ìyé mọ́ ọrùn bí ẹni tí òtútù ń pa. Ó dúró, ó rántí ohun tí ìyàwó kọ sí i, ó gbé e jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin: "Okun."

Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nílẹ̀ wọn tó kí mi bẹ́ẹ̀. Mo dáhùn. Láti ọjọ́ náà Baba Wélíìsì ni mo ń pè é.

Mo fún un ní ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò dúró. Ìyàwó ló ń túmọ̀ fún mi. Ó ní ìyàwó òun rò pé irú náà ti bàjẹ́ lọ́nà ni, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ajá wọn hú u, ó jẹ ẹ́ tán, ó sun oorun ọjọ́ kan gbáko. Mo ní ajá náà ló gbọ́n jù nínú ilé yẹn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ̀wé, kò sí ẹni tó dúpẹ́ rí lọ́wọ́ òun pé òun já a nírọ́. Mo ní kì í ṣe pé mo mọ̀. Ó ní ìyàwó òun ti wí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó sọ ti bàbá rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti wa èédú títí èémí rẹ̀ fi tán. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní tábà ló pa á, wọn ò gbà pé erùpẹ̀ èédú ni. Torí ìyẹn ló ṣe di dókítà ẹ̀dọ̀fóró. Ó wo Bọ́dúndé, ó ní nígbà tí òun tún ìwé òun kà lẹ́yìn tí aṣọ yìí dé, ohùn àwọn ọ̀gá yẹn lòun gbọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ kò ní òun jẹ̀bi. Ó ní ìbéèrè òun ṣì wà nílẹ̀, kí àwọn jọ wá ìdáhùn sí i.

Ó wá yọ ẹ̀rọ kékeré kan nínú báàgì, ó ní ṣé èmi lè bá òun fẹ́ ẹ.

Kí n tó lanu, Bọ́dúndé ti ní rárá.

Gbogbo wa wò ó. Ó ti yí abúlé ká, ó ti ní kí ìyá ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ẹ, kí àbúrò ìyá wa fẹ́ ẹ, kò sì tíì gbé e sí mi lẹ́nu rí. Èmi ti rò pé ó rò pé ẹnu mi á ba ẹ̀rọ jẹ́ ni. Mo gba nǹkan náà, mo fẹ́ ẹ. Baba ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó wo abẹ́rẹ́, ó wo àbúrò mi. Bọ́dúndé kọjú sí ògiri.

Èémí obìnrin tó fi ogún ọdún jù mí lọ ni mo ní. Wọ́n ti ya fọ́tò inú àyà mi nígbà tí mo wọ̀lú, kò sí ikọ́ ife níbẹ̀. Tábà kò kan ẹnu mi rí.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí n fẹ́ ẹ látọjọ́ yìí?"

"Mi ò fẹ́ mọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo fọwọ́ lé orí rẹ̀, orí kan náà tí mo ń fá nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọkùnrin kì í jókòó nídìí ààrò lọ́dọ̀ wa. Ìyé á lé e síta kó lọ kàwé, èmi á jókòó, èmi á máa koná. Èéfín tó yẹ kó pín fún àwa méjèèjì, èmi ni mo mu tirẹ̀ mọ́ tèmi. Mi ò sọ èyí fún un. Mo sọ fún un pé kó má sunkún sínú ọbẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ ti tó.

Baba Wélíìsì ló lọ sọ fún àwọn ọ̀gá ọsibítù pé àwọn méjèèjì fẹ́ jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n fi ọdún méjì kún un fún Bọ́dúndé, bí onílé tó ń kìlọ̀ fún ayálégbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n jọ lọ sílé. Wọ́n ya fọ́tò àyà àwọn obìnrin, wọ́n yọ ẹni tí ikọ́ ife ti ṣe rí, wọ́n yọ ẹni tó ń mu tábà. Àwọn tó kù, èémí wọn kò tó síbẹ̀. Baba jẹ́ ìpè Ìyé, ó lọ jókòó tì í nílé ìdáná. Wọ́n ní irú kò tíì hó tó fi sá jáde, ojú pípọ́n, ó ń ja aṣọ kúrò lọ́rùn. Ìyé ní kó padà wá, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà mi di ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo padà dé Kàbà, ọ̀rẹ́ mi ti sọ ìsọ̀ di tirẹ̀, mo gba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ń jà lójoojúmọ́, ara mi sì yá. Ní Mánṣẹ́sítà, obìnrin Áfíríkà ni mí. Ní Kàbà, Ìyá Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń pè mí, èmi tí mi ò sun Lọ́ńdọ̀nù rí. Nígbà mìíràn mo máa ń jí, mo máa ń ronú ta ló ń kí bàbá alájá yẹn báyìí. Ibi tí wọ́n bá ti ń dá ènìyàn lóhùn, ara rẹ á kù síbẹ̀ díẹ̀. Bọ́dúndé la fèrèsé ńlá sílé ìdáná Ìyé, ó kan páìpù sí òrùlé. Àwọn aládùúgbò ní èéfín wa ń lọ jíṣẹ́ lọ́run. Ikọ́ Ìyé kò lọ, ṣùgbọ́n ó ń dúró de ẹnìkejì kó sọ̀rọ̀ tán.

Ìlọrin la ṣì ń san ẹ̀tọ́ ìjọba sí, wọn ò tíì dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ fún wa, lọ́jọ́ tí Bọ́dúndé ránṣẹ́ pé òun máa tẹ̀ wá láago. Lọ́tẹ̀ yìí èmi náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì pósítọ́fíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n pè wá. Bọ́dúndé ní láíbìrì lòun ti ń bọ̀, pé òun ti wo ìwé ńlá náà lórí iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé. Ìyé bi í pé ẹni mélòó. Kò gbọ́ ìdáhùn dáadáa, ó gbé fóònù fún mi.

Mo ní kó kọ́kọ́ yọ gbogbo ibi tó ti ń ki ara rẹ̀. Ó ní òun ti yọ ọ́. Mo ní kó yọ Baba Wélíìsì, ará ilé ni. Ó rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ó ń ṣírò. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́. Mo yí sí Ìyé, mo pariwo ọ̀rọ̀ náà sí i létí débi pé akọ̀wé dá òǹtẹ̀ dúró lókè, gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà gbọ́ ọ: mẹ́tàlélógójì.